Ẹ Bi Lọ́yà: Pátákó STOP lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọmọ mi

ÌBÉÈRÈ: Aǹtí Lọ́yà, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń gbá yàrá ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 17, ni mo bá rí pátákó STOP lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, tòun ti ìdè tí wọ́n fi dè é mọ́ òpó. Ó ní òun àtàwọn ọ̀rẹ́ òun ló lọ yọ ọ́ lóru, pé àwọn ọmọ ilé ìwé àwọn máa ń fi irú rẹ̀ kọ́ ara ògiri. Bàbá rẹ̀ ní ká lọ jù ú nù ká sì panu mọ́, pé eré ọmọdé ni. Ọkàn mi ò balẹ̀. Ṣé òfin lè mú un?
— Ìyá kan, Orlando, Florida

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ kú ìdààmú ọkàn. Mo ti fi èsì yìí ránṣẹ́ sí yín kí ìwé ìròyìn tó jáde, torí ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe èyí tó ń dúró de oṣù tó ń bọ̀. Kí n tó dé orí òfin rárá: oríta wo ni wọ́n ti yọ ọ́? Ẹ gba orúkọ òpópónà méjèèjì tó pàdé níbẹ̀ lẹ́nu ọmọ yín, kí ẹ sì pe àwọn tó ń tọ́jú ojú ọ̀nà lágbègbè yín lójú ẹsẹ̀. Bó bá jẹ́ òru, ẹ pe ọlọ́pàá. Ẹ ní pátákó STOP ò sí níbẹ̀ mọ́. Oríta tó ṣófo ni wọ́n fẹ́ mọ̀, kì í ṣe orúkọ ẹni tó pè.

Ẹ sọ èyí fún bàbá ọmọ náà. Lóṣù Kejì ọdún 1996, ní Lithia, ní tòsí Tampa, ọ̀rẹ́ mẹ́ta wa ọkọ̀ wọn wọ oríta kan. Pátákó STOP tó yẹ kó dá wọn dúró ò sí lórí ìdúró. Ọkọ̀ akẹ́rù ńlá kan gbá wọn. Ọmọ ọdún 18 ni wọ́n, kò sì sí èyí tó yè nínú wọn. Ọ̀dọ́ mẹ́ta mìíràn ni wọ́n mú. Wọ́n jẹ́wọ́ pé àwọn ti jí pátákó ojú ọ̀nà níbòmíì, wọ́n ní àwọn ò fọwọ́ kan ti ibẹ̀ yẹn. Lọ́dún 1997, wọ́n rán wọn lẹ́wọ̀n ọdún 15 fún ikú àwọn ọmọ náà. Ó di 2001 kí ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn tó fagi lé ìdájọ́ yẹn, nítorí ohun tí agbẹjọ́rò ìjọba sọ níwájú àwọn ìgbìmọ̀ tó gbọ́ ẹjọ́ náà. Mi ò lè gba Lithia kọjá kí n má rántí àwọn òbí tó wà lápá méjèèjì.

Ní ti òfin, ó mú un. Ìpín 316.0775 nínú òfin Florida ní ẹnikẹ́ni tí kò láṣẹ ò gbọ́dọ̀ yọ àmì tàbí iná ojú pópó, kò gbọ́dọ̀ bà á jẹ́, kò gbọ́dọ̀ tì í wó, kò tilẹ̀ gbọ́dọ̀ gbìyànjú ẹ̀. Èyí tó le jù wà nínú òfin olè jíjà, ìpín 812.014. Òfin yẹn to àwọn nǹkan kan lẹ́sẹẹsẹ tó jẹ́ pé ẹni tó bá jí wọn ti jalè ńlá, iye yòówù kí wọ́n tà wọ́n: ìbọn, ọkọ̀, ọsàn tó tó 2,000, àti pátákó STOP. Ẹ̀wọ̀n rẹ̀ lè tó ọdún márùn-ún, owó ìtanràn rẹ̀ sì lè tó $5,000.

Nítorí náà, ẹ má jù ú nù. Ẹni tó bá ju ẹrù olè nù ń fi ẹjọ́ tirẹ̀ kún ti ọmọ. Ẹ má sì jẹ́ kó yọ́ lọ dá a padà lóru, torí àwọn òṣìṣẹ́ ojú ọ̀nà ló mọ bí wọ́n ṣe ń gbé e kọ́ kí awakọ̀ lè rí i láti òkèèrè. Ẹ wá lọ́yà tó ń gba ẹjọ́ àwọn ọmọdé rò, kó bá yín dá pátákó náà padà. Kí ọmọ má bá ọlọ́pàá sọ ohunkóhun láìjẹ́ pé lọ́yà yìí wà níbẹ̀, kó má sì gbé fọ́tò rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ ò bá tíì gba ìwé ọmọ onílùú, ẹ rí i pé lọ́yà náà mọ òfin ìwọ̀lú, torí ẹjọ́ olè lè ba ọ̀rọ̀ green card jẹ́. Ìjọba lè gbà kí ọmọ tí kò lẹ́jọ́ rí ṣe iṣẹ́ ìlú dípò kí wọ́n fẹjọ́ kàn án, ohun tí èmi ì bá sì fẹ́ fún un nìyẹn.

ÌBÉÈRÈ: Ẹnìkan fẹ́ ta ẹ̀rọ kékeré kan fún mi, èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì iwájú ọkọ̀. Ó ní ó máa ń sọ iná pupa di àwọ̀ ewé. Takisí ni mò ń wà. Ṣé kí n rà á?
— Alábí, Houston

ÌDÁHÙN: Ẹ má rà á. Iná tí ojú ò lè rí ni ẹ̀rọ yẹn ń tàn, bíi ti ọkọ̀ panápaná àti áńbúláǹsì, láti tan ẹ̀rọ tó wà lórí òpó jẹ. Láti ọdún 2005 ni òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti kà á sí ọ̀ràn: ẹ̀wọ̀n ẹni tí kò láṣẹ tó bá lò ó lè tó oṣù mẹ́fà, ti ẹni tó tà á fún un lè tó ọdún kan. Ẹ sọ fún ẹni tó fẹ́ tà á náà pé ẹ̀wọ̀n tirẹ̀ ló gùn jù. Bí ẹ bá ti sanwó sílẹ̀, ẹ gba owó yín padà, ẹ má sì bá a gbé e sínú ọkọ̀ rárá.