Ìbéèrè: Ṣé mo lè máa sín akólòlò jẹ kí èrò lè rẹ́rìn-ín?

Ìbéèrè: Àsàlámù aleikum, Áfáà. Mo máa ń ṣe MC níbi wòlímà, ìgbéyàwó àti ìsọmọlórúkọ ní Abẹ́òkúta níbí. Ẹ̀fẹ̀ tí wọ́n fi mọ̀ mí ni ti akólòlò tó ń ná ẹja ní Lafẹ́nwá. Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí mo ti ń ṣe é, gbogbo òde ló sì máa ń rẹ́rìn-ín. Lóṣù tó kọjá, níbi òde kan ní Pànṣẹ́kẹ́, bàbá kan dìde, ó fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n jáde. Ẹ̀yìn náà ni mo gbọ́ pé ọmọ yẹn ń kólòlò. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní kí n má dá wọn lóhùn, pé aráyé ìsinsìnyí ló ń bínú jù, irú ẹ̀fẹ̀ yìí làwọn bàbá wa ń rín. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni, àbí àṣà ayé òde òní lásán? Owó rẹ̀ ńkọ́?

Ìdáhùn: Wa aleikumu salaam, ọmọ mi. Mo ti gbọ́ ẹ̀fẹ̀ yẹn rí, níbi ìsọmọlórúkọ kan ní Ìtọ́kò, mo sì rẹ́rìn-ín. Nítorí náà, bí mo ṣe ń bá ọ wí ni mo ń bá ara mi wí.

Kì í ṣe ayé òde òní ló kọ́kọ́ kọ̀ ọ́. Súratul Hujuraat, ẹsẹ 11, ti ní kí àwọn kan má ṣe fi àwọn kan ṣe yẹ̀yẹ́, pé ó ṣeé ṣe kí àwọn tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ dára jù wọ́n lọ. Èyí tó bá tìrẹ mu jù wà nínú hàdíìsì tí Abu Dawud gbà wá. Aisha, ìyá àwa onígbàgbọ́, sọ ọ̀rọ̀ kan nípa kíkúrú Safiyyah, tí òun náà jẹ́ ìyàwó Ànábì. Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ní bí wọ́n bá po ọ̀rọ̀ yẹn mọ́ omi òkun, yóò ba omi òkun jẹ́. Aisha ní òun tún sín ẹnì kan jẹ lójú rẹ̀. Ànábì dáhùn pé òun kò fẹ́ sín ẹnikẹ́ni jẹ, kódà kí wọ́n fún òun ní báyìí báyìí. Ìyàwó tó fẹ́ràn ló sín ènìyàn jẹ o, síbẹ̀ kò bá a rín in. Ìwọ wá ń ṣe tìrẹ pẹ̀lú ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

Nípa kólòlò gan-an, ṣé o rántí Ànábì Musa? Ó bẹ Ọlọ́hun pé kí Ó tú kókó tó wà ní ahọ́n òun (Tọ́ọ̀há, 27). Ta ló wá fi ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú èrò? Firiáónà ni. Ó ní ẹni yẹpẹrẹ tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yéni (Zukhruf, 52). Èrò sì gbè é lẹ́yìn.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ kò purọ́ tán o. Ojú tí a fi ń wo ẹ̀fẹ̀ ti yí padà lóòótọ́. Ní January 2019 ni wọ́n fọwọ́ sí òfin Nàìjíríà tó lòdì sí yíya aláàbọ̀ ara sọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ fíkíhì, ìmọ̀ òfin ẹ̀sìn, ti ní ìlànà kan tipẹ́tipẹ́: àṣà jẹ́ adájọ́. Èèwọ̀ tó wà lórí èébú kì í yí. Àṣà ló ń sọ ohun tí í ṣe èébú fún wa. Bí ọ̀rọ̀ kan kò bá dun bàbá rẹ, tó wá ń dun ọmọ tó jáde ní Pànṣẹ́kẹ́, bó ṣe ń dun ọmọ yẹn ni Ṣàríà ń wò. Ìjẹ̀bú ni ìyá tó bí mi. Bí mo bá pe àwọn ẹbí rẹ̀ láhun, kí n tó mí, wọ́n ti bú Ẹ̀gbá padà, gbogbo wa á sì jọ jẹun. Gàmbàrí tó ń ta àlùbọ́sà ní Ṣábó, tí kò gbọ́ Yorùbá débi tó fi lè dá a padà, tirẹ̀ yàtọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ sì ń fi àwọn bàbá ṣe ẹlẹ́rìí, Moses Olaiya, Baba Sala, ńkọ́? Awò ojú gbàgìdì, aago ńlá lára: ara rẹ̀ ló sọ di ẹlẹ́yà.

Ibi tó ń dùn mí jù ni pé ayé tó ń le síbì kan ti dẹ̀ níbòmíràn. Ọ̀rọ̀ ìhòhò ni MC ń sọ níwájú ìyá ìyàwó báyìí, ẹnì kankan kì í dìde. Ìyẹn gan-an ló yẹ kó máa lé èèyàn jáde.

Ẹ̀fẹ̀ kì í ṣe hàráámù. Ọkùnrin kan tọrọ ẹran tí yóò máa gùn rìnrìn-àjò lọ́wọ́ Ànábì, Ànábì ní ọmọ ràkúnmí lòun máa fún un. Ọkùnrin náà ní kí lòun fẹ́ fi ọmọ ràkúnmí ṣe? Ànábì ní, "Ṣé ràkúnmí kan wà tí ràkúnmí kò bí ni?" Kò parọ́, kò sì bú ẹnikẹ́ni.

Owó tí wọ́n ń san fún ọ torí pé o ń darí òde, hàláálì ni. Ti sínsín jẹ yẹn ni kí o fi sílẹ̀, kí o sì túúbá. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn wà níbẹ̀, ìwọ àti Ọlọ́hun nìkan kò lè parí rẹ̀. Gba nọ́ńbà bàbá yẹn lọ́wọ́ ẹni tó ni òde. Lọ bá a nílé, má gbé kámẹ́rà lọ. Bẹ ọmọ náà fúnra rẹ̀. Bó bá fẹ́ fèsì, tí ọ̀rọ̀ há a lẹ́nu, dúró dè é. Má bá a sọ ọ́ tán.