Ṣé àtè tó le jù ni eyín tí a wẹ gbòǹgbò rẹ̀ nílò?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Kúbwà ni mo ń gbé. Ní oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn, wọ́n wẹ gbòǹgbò ọ̀kan nínú àwọn eyín ẹ̀yìn mi (èyí tí wọ́n ń pè ní root canal), wọ́n sì dí i, ṣùgbọ́n ó tún ti ń wú. Ọ̀rẹ́ mi kan ní gọ́ọ̀mù tí wọ́n lò ni kò lẹ̀ dáadáa. Èwo ló lágbára jù, kí àbúrò mi lè rà á bọ̀ láti òkè òkun?

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́, sà. Ẹ má jẹ́ kí àbúrò yín ná kọ́bọ̀ lórí gọ́ọ̀mù kankan. Àwọn ènìyàn ń bi mí ní ìbéèrè yìí léraléra, inú sì ń bí mi sí àwọn tó ń tan irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kálẹ̀, nítorí mo ti tọ́jú ẹni tó fi gọ́ọ̀mù ìlẹ-bàtà dí eyín ara rẹ̀.

Kì í ṣe bí àtè ṣe lẹ̀ tó ló ń wo eyín sàn. Ní 1965, olùwádìí kan tó ń jẹ́ Kakehashi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà lu eyín àwọn eku kan títí ó fi kan ẹran inú rẹ̀. Ẹran inú eyín àwọn eku tó ní kòkòrò àìfojúrí lára kú, ṣùgbọ́n ti àwọn tí wọ́n tọ́ níbi tí kòkòrò kankan kò sí jinná, bí oúnjẹ tilẹ̀ ń wọ ojú ọgbẹ́ náà. Kòkòrò ni ọ̀tá wa, fífọ inú gbòǹgbò mọ́ ni a sì fi ń bá a jà.

Gutta-percha tí a fi ń dí ihò gbòǹgbò dàbí rọ́bà, kì í sì í lẹ̀ mọ́ eyín rárá. Àtè tín-ínrín tí a ń pè ní sealer ló ń dí àlàfo tó bá kù láàárín rẹ̀ àti ògiri ihò náà. Àtè onírẹ́síìnì, ìyẹn èyí tí a fi irú ike olómi tó ń gan ṣe, máa ń sún kì bí ó bá ń gan. Lórí eyín, ó ní ojú kan tí kò lẹ̀ mọ́ nǹkan, ibẹ̀ ni yóò ti dẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú gbòǹgbò, ògiri yí i ká, nítorí náà bí ó ṣe ń sún kì ló ń fa ara rẹ̀ ya kúrò lára ògiri. Oògùn sodium hypochlorite tí a fi ń fọ inú gbòǹgbò, tó jẹ́ irú èyí tó wà nínú omi ìfọṣọ funfun (ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi omi ìfọṣọ yọ ẹnu), ń fi ọ́síjìn sílẹ̀ tí kì í jẹ́ kí rẹ́síìnì gan dáadáa. Òróró kànáfùrù náà ń dí i lọ́wọ́. Ọyẹ́ Àbújá lè gbẹ ètè wa, ṣùgbọ́n inú eyín kì í gbẹ, rẹ́síìnì kò sì fẹ́ omi. Àwọn àtè calcium silicate, tó bá sìmẹ́ńtì ìkọ́lé tan, ló ń fi omi yẹn gan.

Ní 2004 ni Resilon jáde, ohun ìdí gbòǹgbò tí wọ́n ní yóò so mọ́ gbòǹgbò di ohun kan ṣoṣo. Ọ̀pọ̀ dókítà gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n nígbà tó yá, eyín tí a fi dí ń kùnà ju ti gutta-percha lọ, ó sì kúrò lọ́jà. Nínú yàrá ìwádìí, a máa ń gé gbòǹgbò eyín tí a ti fà sí pẹlẹbẹ, kí a fi irin ti ohun tó wà nínú ihò rẹ̀ jáde, láti mọ bí ó ṣe lẹ̀ tó. Iye tí a bá rí níbẹ̀ kò sọ fún wa bóyá eyín yóò sàn lẹ́nu ènìyàn.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ sọ fún mi ni èyí: kí ni wọ́n fi bo orí eyín náà? Bí ó bá jẹ́ ohun funfun onígbà díẹ̀ ni ó ti wà níbẹ̀ láti oṣù mẹ́jọ, ó ṣeé ṣe kí itọ́ àti kòkòrò ti wọlé padà. Àwọn olùwádìí méjì, Ray àti Trope, wo àwòrán X-ray eyín tó lé ní 1,000 ní 1995, wọ́n sì rí i pé dídára ìbòrí orí eyín ṣe pàtàkì ju dídára ìdí gbòǹgbò lọ.

N kò rí ẹnu yín, nítorí náà n kò lè sọ pé ohun tó fà á nìyẹn. Ó lè jẹ́ ihò kan tí wọn kò rí, tàbí gbòǹgbò tó ti là. Ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà eyín láàárín ọ̀sẹ̀ yìí, kí wọ́n ya X-ray tuntun, kí ẹ sì bi wọ́n bóyá wọ́n fi rọ́bà bo àyíká eyín nígbà tí wọ́n ń fọ̀ ọ́. Bí ibà bá dé, tí ẹnu kò ṣeé là tàbí tí itọ́ kò ṣeé gbé mì, ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́: ẹ lọ sí ilé ìwòsàn ńlá lóru ọjọ́ náà.