Ilẹ̀ Pẹrẹsẹ Lè Dá Ìdí Lágara: Ìmúrasílẹ̀ fún Kẹ̀kẹ́ Gígùn Létí Adágún Müritz

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá oníkẹ̀kẹ́. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, Ìbarà níbí l'Abẹ́òkúta ni mò ń gbé, mo sì ti lé díẹ̀ lọ́gọ́ta ọdún. Ọmọ mi obìnrin tó wà ní Berlin ní kí n wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ òun lóṣù kẹfà, ká jọ gun kẹ̀kẹ́ yí adágún kan tí wọ́n ń pè ní Müritz ká, ká sì máa ya wo àwọn ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ lọ́nà. Ó ní ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, kò sí òkè kankan, kí n má wulẹ̀ yọ ara mi lẹ́nu pé mò ń múra. Básíkù ni mo máa ń gùn lọ síléèwé nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di tíṣà, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ gan-an. Orúnkún mi òsì sì máa ń dùn mí tí mo bá gun àtẹ̀gùn. Ṣé lóòótọ́ ni pé kò sóhun tó yẹ kí n ṣe? Irú kẹ̀kẹ́ wo ni kí n ní kó gbà dè mí?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìmúra ìrìn àjò, Màmá. Ẹ lọ o, ẹ máà jẹ́ kẹ́nikẹ́ni dá a yín dúró. Ibi tọ́mọ yín ti ní kẹ́ ẹ má múra yẹn nìkan ni mi ò ti bá a fọwọ́ sí i.

Ẹ wo bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́ lórí kẹ̀kẹ́ níbí. Tẹ́ ẹ bá gbéra ní Ìbarà tẹ́ ẹ ń lọ sí Aké, ẹ óò gòkè, ẹ óò sọ̀. Bẹ́ ẹ ṣe ń gòkè, itan yín ń jẹ yín níyà, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ti ń sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ á dúró, ẹ óò gbé ìdí kúrò lórí ìjókòó díẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á tún máa lọ geere. Ilẹ̀ pẹrẹsẹ kò ní irú ìsinmi bẹ́ẹ̀. Bí ẹni ń lọ ata lórí ọlọ ni: ẹ ò gbọ́dọ̀ dáwọ́ dúró títí á fi kúnná. Ẹsẹ̀ ń yí, ìdí wà lójú kan, ọwọ́ wà lójú kan, fún wákàtí kan gbáko. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé àwọn tó bá ti irú ìrìn bẹ́ẹ̀ dé kì í ráhùn itan. Ìdí, àtẹ́lẹwọ́ àti ọrùn ni wọ́n máa ń di mú.

Afẹ́fẹ́ tún wà ńbẹ̀. Níbi tí kò sí òkè, kò sí ohun tó máa dá afẹ́fẹ́ dúró, oko gbalasa ló sì pọ̀ lágbègbè yẹn. Apá ìwọ̀-oòrùn ló ti ń fẹ́ wá lọ́pọ̀ ìgbà. Lọ́jọ́ tó bá dojú kọ yín, ẹ óò rò pé òkè Olúmọ lẹ̀ ń gùn. Ẹ má bá a jìjàkadì. Ẹ sọ jíà kalẹ̀, kí ẹsẹ̀ máa yí wéréwéré láìní agbára nínú, kẹ́ ẹ sì gbà pé ẹ ò ní yára lọ́jọ́ náà.

Yìnyín ló sọ ilẹ̀ náà dà bó ṣe dà. Láyé ọjọ́un, yìnyín tó nípọn bo gbogbo àríwá Jámánì mọ́lẹ̀. Nígbà tó yọ́, omi rẹ̀ dúró sínú gbogbo kòtò tó gbẹ́, ó sì fi amọ̀, yanrìn àti òkúta ńláńlá sílẹ̀ káàkiri. Bí àwọn adágún Mecklenburg, ìyẹn agbègbè tẹ́ ẹ ń lọ yẹn, ṣe wáyé nìyẹn, tí wọ́n fi pọ̀ lọ súà. Müritz ló tóbi jù nínú wọn. Kìlómítà onígun mẹ́rin 117 ni, òun sì ni adágún tó tóbi jù lọ nínú àwọn tó wà pátápátá láàárín ilẹ̀ Jámánì. Adágún Ọ̀yán wa tẹ́ ẹ mọ̀ yìí, nǹkan bíi 40 ni tiẹ̀. Torí yìnyín yìí kan náà ni ilẹ̀ ibẹ̀ kò fi tẹ́ pẹrẹsẹ délẹ̀délẹ̀ bí ọmọ yín ṣe wí. Gegele kéékèèké wà. Ọ̀nà inú igbó lè kún fún yanrìn tó máa gbá táyà mú. Títì àwọn abúlé kan sì jẹ́ òkúta róbótó-róbótó tí wọ́n tẹ́ láyé àtijọ́, tí yóò máa gbọn èèyàn jìgìjìgì. Tẹ́ ẹ bá kan irú rẹ̀, ẹ sọ̀ kalẹ̀ kẹ́ ẹ ti kẹ̀kẹ́ yín. Kò sẹ́ni tó máa fi yín ṣẹ̀sín.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sórí ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí àwọn gan-an ni oògùn ìdí tó ń ro. Ní agbègbè yẹn, ẹ óò máa rí gogoro ṣọ́ọ̀ṣì lókèèrè kẹ́ ẹ tó rí ilé kankan. Ẹ fi wọ́n ṣe ibùdó ìsinmi. Tẹ́ ẹ bá dé ibi tí ọ̀kan wà, ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ wọlé, ẹ rìn yípo. Ẹ má tíì jókòó, torí ìjókòó lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti dìde. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lórí ìdúró, ara á ti padà bọ̀ sípò. Ẹni tó ń wá kìlómítà kì í dúró, òun náà ni kì í lè jókòó jẹun alẹ́.

Bíríkì pupa ni wọ́n fi kọ́ èyí tó pọ̀ nínú àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ìlú, torí kò sí àpáta tí wọ́n lè gé lágbègbè náà, amọ̀ ló kúnlẹ̀. Àwọn abúlé ní tiwọn ṣa òkúta tí yìnyín fi sílẹ̀ nínú oko, wọ́n sì fi mọ ògiri. Tẹ́ ẹ bá sún mọ́ irú ògiri bẹ́ẹ̀, ẹ óò rí i pé òkúta kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ tirẹ̀, eléérú, pupa rẹ́súrẹ́sú, dúdú, tí wọ́n fi ìyẹ̀pẹ̀ funfun dì pọ̀. Ìlú Röbel kékeré yẹn ní méjì tó ti wà láti nǹkan bí ọdún 1200 sí 1300, St. Marien àti St. Nikolai, èèyàn sì lè gun gogoro St. Marien kó wo gbogbo adágún náà. (Ti orúnkún yín, Màmá, ẹ jẹ́ kọ́mọ yín gùn ún, kó yàwòrán wá.) Ti àgùdà ni wọ́n níbẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1549 ni ilẹ̀ Mecklenburg gba ẹ̀kọ́ Luther, títí dòní ni wọ́n sì wà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Henry Townsend, míṣọ́nnárì ará Gẹ̀ẹ́sì, fi máa dé Abẹ́òkúta lóṣù kìíní ọdún 1843, àwọn ṣọ́ọ̀ṣì yìí ti lo nǹkan bí ẹgbẹ̀ta ọdún lórí ìdúró. Ó sì máa ń dùn mọ́ mi nínú pé ará Jámánì wà lára àwọn tó mú ìwàásù wá sílẹ̀ Yorùbá: Gollmer tó bá Townsend àti Crowther dé Àgbádárìgì, àti Hinderer tó lọ tẹ̀dó sí Ìbàdàn lọ́dún 1853. Gúúsù Jámánì ni wọ́n ti wá o, kì í ṣe apá ibi tẹ́ ẹ ń lọ.

Ṣọ́ọ̀ṣì abúlé lè wà ní títì lọ́jọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ìsìn. Ẹ wo ara ilẹ̀kùn dáadáa, wọ́n máa ń lẹ ìwé mọ́ ọn tó ń sọ ilé tí kọ́kọ́rọ́ wà. Tẹ́ ẹ bá rí «Offene Kirche», ó ti wà ní ṣíṣí nìyẹn.

Yíyí Müritz ká lé ní ọgọ́rin kìlómítà. Àwọn ọ̀dọ́ ń ṣe é lọ́jọ́ kan. Ẹ fi ọjọ́ mẹ́rin ṣe é: ọjọ́ kìíní láti ìlú Waren tó wà létí adágún náà gba Klink lọ sí Röbel, ọjọ́ kejì ẹ sinmi ní Röbel, ọjọ́ kẹta ẹ lọ sí Rechlin, ọjọ́ kẹrin ẹ gba Boek inú igbó ọba tí ìjọba dá sí lọ́dún 1990 padà sí Waren. Ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé èèyàn tòun ti kẹ̀kẹ́ wà lórí adágún náà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, tí ó bá rẹ̀ yín. Lóṣù kẹfà, ilẹ̀ kì í tètè ṣú níbẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó aago mẹ́wàá alẹ́, torí náà kò sí ìkánjú.

Ìmúrasílẹ̀ wá ńkọ́? Oṣù méjì tó. Ẹ kọ́kọ́ lọ rí dókítà, pàápàá tẹ́ ẹ bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Lẹ́yìn náà, ẹ yá kẹ̀kẹ́, ẹ lọ síbi tó tẹ́jú. Ẹ má gun Òkè Ìlewó láti fi dánra wò, orúnkún yín lẹ máa bà jẹ́. Àyíká pápá ìṣeré M.K.O. Abíọ́lá ní Kútọ̀ dáa láàárọ̀ kùtùkùtù, kí oòrùn àti ọlọ́kadà tó jáde. Ẹ yẹra fún ọ̀nà Èkó pátápátá, tírélà ibẹ̀ ò mọ oníkẹ̀kẹ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ogún ìṣẹ́jú láìdá ẹsẹ̀ dúró, lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, kẹ́ ẹ máa fi ìṣẹ́jú márùn-ún kún un lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ méjì tó kẹ́yìn, ẹ gùn ún lọ́jọ́ méjì tó tẹ̀ léra. Ọjọ́ kejì yẹn ló ṣe pàtàkì, òun ni ìdí máa ń fi sọ òótọ́.

Ìjókòó tó rọ̀ bíi tìmùtìmù ń tanni jẹ. Egungun ìdí méjèèjì á rì sínú rẹ̀, ẹran ara tó wà láàárín ni yóò wá máa gba ìnira. Èyí tó le díẹ̀, tó sì fẹ̀ lẹ́yìn, ló dáa fún obìnrin. Ẹ wọ ṣòkòtò oníkẹ̀kẹ́ tó ní tìmùtìmù nínú, ẹ má wọ pátá sábẹ́ rẹ̀, torí ojú rírán rẹ̀ ló ń bóni lára. Ẹ lè wọ síkẹ́ẹ̀tì lé e. Ẹ fi òrí díẹ̀ pa ibi tó ń fara gbora.

Fún orúnkún, gíga ìjókòó ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ fara ti ògiri lórí kẹ̀kẹ́, ẹ fi gìgísẹ̀ lé pẹ́dáàlì nígbà tó bá wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ nà tán láìjẹ́ pé ìdí fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Tí orúnkún bá ṣì tẹ̀, ìjókòó ti lọ sílẹ̀ jù, ìyẹn ló sì ń fa ìrora fún ọ̀pọ̀ àgbà tó ń wá sọ́dọ̀ mi. Tó bá wá di orí ìrìn, orí pẹ́dáàlì ni kẹ́ ẹ fi iwájú àtẹ́lẹsẹ̀ sí, kì í ṣe gìgísẹ̀.

Ẹ má ra kẹ̀kẹ́ tuntun níbí láti gbé e wọ bàlúù. Kí ọmọ yín yá a fún yín ní Waren, kó sì fi gíga yín ránṣẹ́ sílé ìyákẹ̀kẹ́ ṣáájú. Kó béèrè èyí tí irin àárín rẹ̀ lọ sílẹ̀, kẹ́ ẹ lè gùn ún láìgbẹ́sẹ̀ sókè, tí táyà rẹ̀ fẹ̀, tó sì ní jíà méje ó kéré tán. Kó bi wọ́n nípa bíréèkì náà. Ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ ọ̀hún ló jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá yí pẹ́dáàlì sẹ́yìn, yóò dúró gbọin. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gun Raleigh rí, tẹ́ ẹ mọ bíréèkì ọwọ́ nìkan, ó lè gbé yín ṣubú lọ́jọ́ àkọ́kọ́, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ fi dánra wò nínú ọgbà wọn. Èyí tó ní bátìrì ń ranni lọ́wọ́ títí dé kìlómítà 25 láàárín wákàtí kan, mo sì fọwọ́ sí i fún yín nítorí afẹ́fẹ́. Àléébù rẹ̀ ni pé ó wúwo. Ẹ má gbìyànjú láti gbé e gun àtẹ̀gùn ibùdó ọkọ̀ ojú irin, ọmọ yín ni kó gbé e. Tíkẹ́ẹ̀tì tèèyàn yàtọ̀ sí ti kẹ̀kẹ́ nínú rélùwéè wọn, kó ra méjèèjì. Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ń gbà bíi tiwa, níbi tẹ́ ẹ bá sì ti rí àmì róbótó aláwọ̀ búlúù tí kẹ̀kẹ́ funfun wà nínú rẹ̀, ibẹ̀ ni dandan kẹ́ ẹ gbà. Òfin kò fi dandan mú àgbà láti dé akoto, ṣùgbọ́n ẹ dé e.