Kọ H0 àti H1 kí o tó gbé ọ̀rá kankan sórí ìwọ̀n

Àbúrò mi tó wà ní Àjàṣẹ́, mo ka ìbéèrè rẹ. Ẹni tó ń di gaàrí kọ 1000 gíráàmù sára ọ̀rá, ẹ wọn ọ̀rá 25, ìpíndọ́gba wọn jẹ́ 985, ìyapa wọn, ìyẹn s, sì jẹ́ 40. O kọ H0, ìyẹn àbá tí a fẹ́ dán wò, báyìí: x̄ = 985 (x̄ ni ìpíndọ́gba ọ̀rá tí ẹ wọ̀n), olùkọ́ fi bíìkì pupa fa igi lé e, kò sì sọ ìdí rẹ̀.

Ohun kan náà ni mo kọ ní ọdún àkọ́kọ́ mi. Ó pẹ́ kó tó yé mi.

O ti wọn 985, o ti fojú rí i. Ta ló ń dábàá lórí ohun tó ti rí? Ohun tí a kò rí ni gbogbo ọ̀rá yòókù tí ẹni náà dì, èyí tó ti tà dé Kútọnu àti èyí tí kò tíì dì pàápàá. Ìpíndọ́gba gbogbo wọn là ń pè ní μ, òun sì ni àbá ń sọ̀rọ̀ lé lórí. Nítorí náà, H0: μ = 1000. Ẹnu ẹni tó ń tà á ni 1000 ti wá. Nọ́ńbà tó bá ti orí ìwọ̀n rẹ wá kò gbọ́dọ̀ sí nínú àbá rárá.

Ìdí tí = fi ń wà lọ́dọ̀ H0 ni pé a nílò ibi kan pàtó tí a ó ti bẹ̀rẹ̀ ìṣirò. R. A. Fisher, onímọ̀ ìṣirò tó fún H0 lórúkọ nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1935, fi ife tíì 8 ṣàlàyé rẹ̀: wàrà ló ṣáájú nínú 4, tíì ló ṣáájú nínú 4 yòókù. Obìnrin kan ní òun lè tọ́ ọ wò kí òun mọ ìyàtọ̀. H0 ni pé kò mọ̀ ọ́n, orí ló ń fi mú un. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ìgbà kan péré nínú 70 ni yóò mú ife mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láìṣì. Ká ní "ó mọ̀ ọ́n" la fi ṣe H0, báwo ló ṣe mọ̀ ọ́n tó? Kò sí nọ́ńbà tí a lè dì mú. Bákan náà ni "μ kò tó 1000": ṣé 999 ni àbí 700? H1, ìyẹn àbá tó ń tako H0, kò sí nínú ètò Fisher; àwọn onímọ̀ ìṣirò méjì mìíràn, Neyman àti Pearson, ló mú un wá.

H1 yìí ló jẹ mí níyà. Nígbà tí mò ń ṣe mémoire mi, ìyẹn ìwé àṣekágbá, nílé ní Kétu, àpò àgbàdo ni mò ń wọ̀n. Nínú ètò iṣẹ́ tí mo kọ́kọ́ fi sílẹ̀, mo kọ H1 pẹ̀lú ≠ (ó yàtọ̀ sí). Nígbà tí èsì jáde, kò dé ibi tí mo fẹ́. Mo bá pa ≠ rẹ́ lóru ọjọ́ kan, mo fi < (ó kéré sí) rọ́pò rẹ̀, èsì sì "dára". Nígbà tí mo dúró níwájú àwọn tó fẹ́ dá mi lẹ́jọ́, ọ̀kan nínú wọn béèrè pé: "Ìgbà wo lo mọ̀ pé kò ní tó?" Ètò iṣẹ́ tí mo fọwọ́ sí wà níwájú rẹ̀. N kò rí èsì fọ̀. Ọdún kan gbáko ni mo fi tún un ṣe.

Fi nọ́ńbà tìrẹ wò ó. 985 yọ 1000 jẹ́ −15. 40 pín sí 5, tí í ṣe gbòǹgbò 25, jẹ́ 8. Pín −15 sí 8, o rí T, nọ́ńbà tí a fi ń dájọ́: −1,88. Tí H1 bá jẹ́ μ < 1000, ààlà tó wà fún 5% (ìgbà 5 péré nínú 100 ni T yóò kọjá rẹ̀ bí H0 bá jẹ́ òótọ́) jẹ́ −1,71, o ti kọjá rẹ̀, H0 ṣubú. Tó bá jẹ́ μ ≠ 1000, ààlà di 2,06 lápá méjèèjì, H0 ò mì. Ọ̀rá kan náà, ìwọ̀n kan náà, ìdájọ́ méjì! Ìdí nìyí tí a fi gbọ́dọ̀ yan àmì yẹn kí ọ̀rá kankan tó gun ìwọ̀n.

Tí H0 kò bá sì ṣubú, jọ̀ọ́, má kọ pé o ti fìdí 1000 múlẹ̀. Ẹ̀rí kò tó láti bì í ṣubú, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Padà sí ìbéèrè olùkọ́ yín, wo ọ̀rọ̀ tó lò. Bó bá ní àwọn oníbàárà ń ráhùn pé gaàrí náà kò tó, kọ μ < 1000. Bó bá jẹ́ pé ó kàn bi yín bóyá ó yàtọ̀ sí ohun tó wà lára ọ̀rá, ≠ ni. Kọ gbólóhùn náà ránṣẹ́ sí mi bó ṣe rí gan-an tí kò bá dá ọ lójú.