Frequency nínú mátíìsì, físíìsì, báólọ́jì àti jọ́gíráfì: ìgbà mélòó, nínú kí ni?

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o, mà. Ẹ ní ọmọ yín tó wà ní SS2 ń ṣàròyé pé frequency tí tíṣà mátíìsì kọ́ òun yàtọ̀ sí ti físíìsì, ti báólọ́jì tún yàtọ̀, ti jọ́gíráfì ò tiẹ̀ jọ èyíkéyìí nínú wọn, pé èwo gan-an ni kóun há sórí. Ẹ sọ fún un kó má há ìkankan sórí rárá. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ SS lẹ́yìn iléèwé, ohun tí mo sì rí nínú ìwé wọn ni pé ìbéèrè kan ṣoṣo ni gbogbo àwọn tíṣà yẹn ń béèrè: ìgbà mélòó ni nǹkan yìí wáyé, nínú kí ni? Ibi “nínú kí ni” yẹn ni wọ́n ti yàtọ̀ síra, ibẹ̀ náà sì ni máàkì ti ń bọ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọ.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ mú mátíìsì kúrò ńlẹ̀. Ká ní wọ́n bi ìdílé 40 pé ọmọ mélòó ni wọ́n bí, ìdílé 12 ní ọmọ mẹ́ta ni tàwọn, 12 yẹn ni frequency fún ọmọ mẹ́ta, ó tán. Tí wọ́n bá ní relative frequency, 12 nínú 40 ni, 0.3. Histogram tí class ẹ̀, ìyẹn ìpín tí wọ́n pín àwọn nọ́ńbà sí, ò fẹ̀ dọ́gba ló máa ń dà wọ́n láàmú: èèyàn 10 wà láàárín 10 sí 20, èèyàn 15 wà láàárín 20 sí 50, ọmọ á sáré ya ti 15 kó ga ju ti 10 lọ. Ṣùgbọ́n èèyàn 15 tó tàn ká ibi tó fẹ̀ tó 30, 0.5 péré ló kan ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan, ti 10 tó wà nínú 10 sì jẹ́ 1, torí náà ti àkọ́kọ́ ló gbọ́dọ̀ ga jù. Frequency density tí wọ́n ń pariwo ò ju ìyẹn lọ.

Ní físíìsì, sẹ́kọ́ńdì kan ló máa ń wà nísàlẹ̀. Iye ìgbà tí nǹkan lọ tó sì bọ̀ láàárín sẹ́kọ́ńdì kan, òun là ń pè ní Hertz, orúkọ Heinrich Hertz ará Jámánì ni wọ́n fi sọ ọ́. Ẹ ní kí ọmọ yín wo ìdí fáànù tàbí áyọ́ọ̀nù yín, á rí 50Hz níbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n kọ fóltéèjì sí. Iná NEPA ń lọ ó ń bọ̀ nígbà 50 láàárín sẹ́kọ́ńdì kan, ìlọbọ̀ kan ṣoṣo sì ń gba sẹ́kọ́ńdì 0.02, ìyẹn ni period. Onílù tó bá fún ọṣán dùndún mọ́ra, awọ á le, á máa gbọ̀n ní ọ̀pọ̀ ìgbà sí i láàárín sẹ́kọ́ńdì kan, ohùn á sì lọ sókè. Frequency náà ló ń fi ọwọ́ yí yẹn.

Wàyí o, ẹ wo ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ ní práktíkà pendulum. Òwú tí wọ́n so nǹkan kékeré mọ́ nídìí gùn tó nǹkan bíi 64 cm, wọ́n jẹ́ kó fì nígbà 20, aago ka sẹ́kọ́ńdì 32. Ọmọ á fi 20 pín 32, á rí 1.6, á wá kọ ọ́ pé frequency jẹ́ 1.6 Hz. Period nìyẹn o! Sẹ́kọ́ńdì mélòó nínú ìfì kan ló ṣírò yẹn, nígbà tó jẹ́ ìfì mélòó nínú sẹ́kọ́ńdì kan là ń wá, ìyẹn 20 nínú 32, 0.625 Hz. Àwọn ọmọ tó mọ̀wé gan-an ló máa ń ṣe èyí, ó sì máa ń dùn mí torí kì í ṣe pé wọn ò mọ ìṣirò.

Báólọ́jì: wọ́n ju quadrat, férémù onígun mẹ́rin, sórí pápá iléèwé nígbà 10, wọ́n bá ewéko Tridax nínú 6, frequency ẹ̀ jẹ́ 60%. Ì báà jẹ́ ìdí kan péré ló wà nínú quadrat kan, ì báà jẹ́ 30, ẹ̀ẹ̀kan náà la máa kà á. Tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye igi ewéko, density ló ń ṣe yẹn. Ti jínì náà tún wà: nínú èèyàn 100, ká ní àwọn tí jẹ́nótáìpù wọn jẹ́ AA jẹ́ 74, AS 24, SS 2. S mélòó ló wà? 24 lára AS àti 4 lára SS méjì, ó di 28. Ṣùgbọ́n 200 la máa fi pín in torí jínì méjì méjì ni olúkúlùkù gbé, ó di 0.14. Ẹni tó fi 100 pín in ti gbàgbé ohun tó ń kà.

Jọ́gíráfì ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ sí, torí àwọn ọmọ sáyẹ́ǹsì máa ń fojú tẹ́ńbẹ́lú ẹ̀. Ìwé á ní ìgbì òkun tó ń kó iyanrìn wá máa ń tó 6 sí 8 ní ìṣẹ́jú kan, èyí tó ń gbá iyanrìn lọ á tó 10 sí 14. Ìgbì 12 ní ìṣẹ́jú kan, 0.2 Hz ni físíìsì máa pè é, òkun kan náà ni. Omíyalé wá ńkọ́? Tí wọ́n bá ní àkọsílẹ̀ ọdún 24, wọ́n á to ìkún omi tó ga jù lọ́dún kọ̀ọ̀kan láti orí èyí tó ga jù, wọ́n á fi 1 kún 24, wọ́n á fi ipò pín in: ti ipò kìíní, return period ẹ̀, ìyẹn iye ọdún tó máa ń wà láàárín rẹ̀ ní ìpíndọ́gba, jẹ́ ọdún 25. Frequency ẹ̀ jẹ́ 1 nínú 25, ìyẹn 0.04 lọ́dún. Ṣé ẹ rí i pé ohun kan náà ni pẹ̀lú 1 nínú T ti físíìsì, níbi tí T ti dúró fún period?

Ṣùgbọ́n omíyalé kì í fì bí pendulum. Odò Ògùnpa ya n'Íbàdàn ní 31 August 1980, omi ńlá tún ṣọṣẹ́ n'Íbàdàn ní 26 August 2011, ọmọ kan á ní ọdún 31 ló wà láàárín, a jẹ́ pé ó di 2042. Rárá o! Ògùnpa yẹn náà ti ya lọ́dún 1978. Omi tí return period ẹ̀ jẹ́ ọdún 25 lè dé lọ́dún yìí kó tún dé lọ́dún tó ń bọ̀, kódà láàárín ọdún 25 gbáko, àǹfààní pé á dé ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan ò ju nǹkan bíi 64% lọ, ẹ gbé 0.96 sí power 25 kẹ́ ẹ yọ ọ́ kúrò nínú 1. Àwọn èèyàn ń kọ́lé sétí odò torí wọ́n rò pé omi ti wá ti lọ, pé ó di ìgbà ọmọ wọn kó tó padà, ohun tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn fún gbogbo ọmọ tó bá jókòó síwájú mi nìyẹn.

Ẹ fún un ní òwú, òkúta kékeré àti aago fóònù lálẹ́ òní. Kó jẹ́ kó fì nígbà 20, kó sì kọ ìdáhùn méjèèjì sílẹ̀, period àti frequency, kó kọ sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan ohun tó fi pín kí ni. Tó bá ti ṣe ìyẹn tán, kó wá ṣí ìwé jọ́gíráfì ẹ̀ síbi return period.