Kí ló yẹ kó wà nínú lẹ́tà tí a fi ń dábàá ọ̀gá wa fún mẹ́dàlì iṣẹ́ haidirọ́líìkì?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó kọ́ mi ní ìwádìí nípa haidirọ́líìkì (ìmọ̀ fífi omi tàbí ọ́ìlì tí a ń tì mú ẹ̀rọ ṣiṣẹ́) ní yunifásítì kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa tó fẹ̀yìn tì. Àwa tí a ti gba abẹ́ ọwọ́ wọn kọjá fẹ́ dábàá orúkọ wọn fún mẹ́dàlì, èmi ni wọ́n sì ní kí n kọ lẹ́tà. Mo ti kọ ojú ewé mẹ́ta: oyè tí wọ́n gbà, ìgbìmọ̀ tí wọ́n ti ṣe alága, iye ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde. Àmọ́ nígbà tí mo kà á, kò jọ wọ́n rárá. Kí ló kù?

Ìdáhùn: Ẹ kú àròjinlẹ̀ ọ̀gá yín. Iṣẹ́ náà gan-an ló kù. Kí ló ṣòro kí wọ́n tó dé ìdí iṣẹ́ yìí, tó sì ti rọrùn báyìí? Ibẹ̀ ni kí lẹ́tà yín ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wo Joseph Bramah, tí mẹ́dàlì kan láti Institution of Mechanical Engineers, ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà ẹ̀rọ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ọmọ Yorkshire tó ń ṣe àgádágodo ní London ni. Ní 1795, ó gba pátẹ́ńtì (ìwé ẹ̀tọ́ ẹni tó ṣe ohun tuntun) sórí ẹ̀rọ ìfúntẹ̀ tó ń fi omi ṣiṣẹ́. Blaise Pascal, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ ilẹ̀ Faransé, ti fi hàn ṣáájú pé tí a bá ti omi tó wà nínú àhámọ́, ibi gbogbo nínú rẹ̀ ni títì náà ń dé bákan náà. Písítìnì méjì (irin tó ń rìn nínú ihò sílíńdà) ló wà nínú ẹ̀rọ náà, kékeré àti ńlá. Tí ojú písítìnì ńlá bá fẹ̀ ju ti kékeré lọ ní ìlọ́po 100, agbára rẹ̀ á di ìlọ́po 100, ṣùgbọ́n ìrìn rẹ̀ á dín kù sí ìdá kan nínú 100. Bí jáàkì tí àwọn tó ń lẹ táyà fi ń gbé ọkọ̀ sókè ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn.

Jíjò ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ba iṣẹ́ Bramah jẹ́. Tó bá dí ẹnu písítìnì le, kò ní rìn; tó bá dẹ̀ ẹ́, omi á tú jáde. Henry Maudslay, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń bá a ṣiṣẹ́, ni ìtàn sọ pé ó wá ojútùú: awọ tí a tẹ̀ bí ife, tí omi fúnra rẹ̀ ń ti etí rẹ̀ mọ́ ara písítìnì. Bí pírẹ́ṣọ̀ bá ṣe ń ga tó ni awọ náà ń mú un ṣinṣin tó. Títí dòní, ọgbọ́n yẹn wà nínú ọ̀pọ̀ síìlì (ohun tó ń dènà jíjò) inú sílíńdà katapílà.

Mi ò dárúkọ oyè kankan tí Bramah gbà, ẹ sì ti mọ ohun tí a fi ń rántí rẹ̀. Mo sì dárúkọ Maudslay. Bákan náà ni kí ẹ dárúkọ tẹkiníṣíánì tó to ẹ̀rọ àyẹ̀wò fún ọ̀gá yín, àti akẹ́kọ̀ọ́ tó kọ ètò kọ̀ǹpútà wọn. Àwọn kan ń bẹ̀rù pé èyí á bu iyì ọ̀gá kù. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí dunjú nínú ìgbìmọ̀ á fura sí lẹ́tà tó bá ní ẹnì kan ṣoṣo ló ṣe gbogbo rẹ̀.

Èyí tó tún sún mọ́ ti ọ̀gá yín ni Monika Ivantysynova, ọmọ ilẹ̀ Jámánì tó darí ibùdó ìwádìí Maha ní yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà láti 2004 títí tó fi kú ní 2018. Nínú katapílà tó wọ́pọ̀, fáàfù, ẹnu ọ̀nà tó ń ṣí tó sì ń pa, ló ń pín ọ́ìlì tí pọ́ǹpù ń tì jáde, ó ń há ọ̀nà mọ́ ọn kí apá ẹ̀rọ má bàa sáré jù. Ibi tí a bá ti há ọ́ìlì mọ́, agbára ń di ooru níbẹ̀, epo tí a rà sì ṣòfò. Ivantysynova fún apá kọ̀ọ̀kan ní pọ́ǹpù tirẹ̀ tí a lè yí ìwọ̀n ọ́ìlì rẹ̀ padà, ó sì yọ fáàfù yẹn kúrò lójú ọ̀nà. Nígbà tí apá bá ń sọ̀kalẹ̀, ọ́ìlì tó ń padà lè máa ti pọ́ǹpù náà, kí agbára rẹ̀ má ṣòfò. Wọ́n dán an wò lórí katapílà kékeré, epo tó ń jẹ sì fi nǹkan bí ìdá 40 nínú 100 dín kù. Tí ẹ bá rí ìlà mẹ́rin irú èyí kọ nípa ọ̀gá yín, ẹ lè yọ iye ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde kúrò.

Ẹ ka òfin mẹ́dàlì tí ẹ ń lé dáadáa. Robert E. Koski Medal, tí ASME, ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà ẹ̀rọ ti Amẹ́ríkà, dá sílẹ̀ ní 2007, ka iṣẹ́ olùkọ́ sí gẹ́gẹ́ bó ṣe ka ohun tuntun tí èèyàn ṣe sí. Nítorí náà, tó bá jẹ́ pé kíkọ́ni ni agbára ọ̀gá yín wà, ẹ má tijú láti sọ ọ́. Ẹ sọ ibi tí àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn wà lónìí àti ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Àpẹẹrẹ irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ ni Wolfgang Backé, tó dá ilé ìwádìí haidirọ́líìkì sílẹ̀ ní Aachen nílẹ̀ Jámánì; òun náà ní mẹ́dàlì tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ọwọ́ àwọn ọ̀dọ́ olùwádìí ni mẹ́dàlì náà ń lọ.

Ní ti àwọn lẹ́tà àtìlẹ́yìn, ẹ wá ó kéré tán ẹnì kan láti ilé iṣẹ́ tó ń lo ohun tí ọ̀gá yín ṣe, àti ẹnì kan tí kò bá wọn ṣiṣẹ́ rí. Kí lẹ́tà méjì má sọ ohun kan náà.

Ohun kan tún wà tó ń dùn mí. Bí ọ̀gá bá ti kó kúrò ní ọ́fíìsì, ìwé àkọsílẹ̀ àti àwòrán ẹ̀rọ wọn sábà máa ń di pàǹtírí. Ẹ bẹ̀ wọ́n nísinsìnyí kí ẹ tọ́jú rẹ̀, yálà mẹ́dàlì dé tàbí kò dé; inú rẹ̀ gan-an lẹ ó ti rí ohun tí ẹ máa kọ.

Tí ẹ bá ti tún ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ kọ, ẹ kà á fún ẹnì kan tó ń tún katapílà ṣe. Ibi tó bá ti ní kí ẹ dúró ni kí ẹ tún kọ.