Kuru kì í ṣe "kúrú" tiwa

Ẹnì kan béèrè pé: "Ẹ̀yin àgbà, mo gbọ́ lórí rédíò pé Yorùbá ló ni orúkọ àìsàn kuru, torí ó máa ń ké ẹ̀mí èèyàn kúrú. Ṣé òótọ́ ni?"

Rárá o. Èmi náà gbọ́ ètò yẹn, inú bí mi débi pé mo pa rédíò. Ṣé gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá ti jọ tiwa la ó máa sọ pé àwa la bí i? Àwọn ẹ̀yà Fore ló ni orúkọ yẹn, lórí àwọn òkè ìlà-oòrùn Papua New Guinea, orílẹ̀-èdè kan nítòsí Ọsirélíà. Gbígbọ̀n ló ń jẹ́ lédè wọn. Ẹni tí kuru bá mú á máa rìn bí ọ̀mùtí, ara rẹ̀ á máa gbọ̀n, títí tí kò fi ní lè dá jókòó mọ́, tí oúnjẹ ò ní lọ lọ́nà ọ̀fun.

Èyí tó wá dùn mí jù ni pé olóòtú yẹn ní ìkà ni wọ́n, wọ́n ń pa èèyàn jẹ, èpè ló ń jà wọ́n. Wọn ò pa ẹnikẹ́ni jẹ. Òkú ẹbí wọn ni wọ́n ń jẹ, ìfẹ́ ló sì fà á. Àlàyé tí wọ́n ṣe ni pé bí a bá sin òkú, ekòló á jẹ ẹ́. Bí a bá tẹ́ ẹ sórí pẹpẹ igi, ìdin á jẹ ẹ́. Ó sàn kí àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ jẹ ẹ́.

Ẹ dúró síbẹ̀ ná. Nígbà tí a ń sin ìyá mi, ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ létí kòtò, ó bu erùpẹ̀ dání, ó ní: "Má jọ̀kùn o, má jekòló. Ohun tí wọ́n bá ń jẹ lájùlé ọ̀run ni kó o bá wọn jẹ." Àwọn kan rò pé ọ̀rọ̀ oúnjẹ lásán ni. Lójú tèmi, ẹ̀rù inú ilẹ̀ ló bí i: ẹni tó ń bá wa jẹyán lánàá, a ò fẹ́ kó di ará ilé kòkòrò. Ọ̀rọ̀ ẹnu làwa fi ṣe tiwa. Àwọn Fore fi ẹnu gan-an ṣe tiwọn. Mi ò sọ pé a bára tan o, ẹ̀rù yẹn ni mo ní ó jọra. Níbi ìsìnkú tí mo lọ kẹ́yìn, kò sẹ́ni tó sọ ọ́. Ariwo DJ ló gba etí kòtò kan.

Jíjẹ òkú yẹn ló ń kó kuru ran àwọn Fore. Ọpọlọ òkú ni wàhálà wà jù, àwọn obìnrin àtàwọn ọmọdé ló sì sábà máa ń jẹ ẹ́. Ìdí nìyẹn tó fi pa obìnrin ju ọkùnrin lọ. Nígbà tí ọdún 1950 sí 1959 ń lọ sópin, ó ń pa tó 200 èèyàn lọ́dún, àwọn Fore sì ń fura sí oṣó. Shirley Lindenbaum àti Robert Glasse, àwọn onímọ̀ nípa àṣà ẹ̀dá tí wọ́n lọ gbé láàárín wọn, ló tọpa rẹ̀ dé ìdí àwo.

Stanley Prusiner, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Amẹ́ríkà, ló sọ ohun tó ń fà á ní prion, lọ́dún 1982. Kì í ṣe kòkòrò. Purotéènì tó wà lára wa tẹ́lẹ̀ ni, àmọ́ tó ká gbòdì. Àgùntàn tó bá bájá rìn ni ọ̀rọ̀ rẹ̀: èyí tó bàjẹ́ á fara kan èyí tó dáa, ìyẹn náà á ká gbòdì, títí ọpọlọ á fi lu bíi fóòmù. Ẹ ò lè sè é títí kó kú, torí kò lẹ́mìí tí iná máa gbà.

Kì í bá atẹ́gùn rìn, bíbọ ara ẹni lọ́wọ́ ò sì lè kó o ranni. Nínú àwọn àìsàn mìíràn tí prion ń fà, òmíràn wà tí wọ́n ń jogún, òmíràn á kàn ṣẹlẹ̀ ni. Ní Ìlú Ọba ńkọ́? Wọ́n lọ ẹran àti egungun màlúù fún màlúù jẹ. Wọ́n dá àìsàn wèrè màlúù mọ̀ lọ́dún 1986, nígbà tó sì di 1996, ìjọba gbà pé ó ti dé ara èèyàn. Kò sí ìfẹ́ kankan nínú tiyẹn, owó ni.

Ìjọba Ọsirélíà, tó ń ṣàkóso ibẹ̀ nígbà yẹn, fòfin de àṣà Fore, nígbà tó sì fi máa di nǹkan bí 1960, ó ti kásẹ̀ nílẹ̀. Àmọ́ àwọn kan wà tí wọ́n jẹ nínú rẹ̀ lọ́mọdé, tó ju àádọ́ta ọdún lọ kí ara wọn tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ẹ bá mi bi olóòtú yẹn: èwo ló kúrú níbẹ̀?